Ìwé Kíkà àti Ìwé Kíká

Àmì ohùn kan ṣoṣo ni ó ya ìwé kíkà sọ́tọ̀ kúrò lára ìwé kíká. Bí ohùn bá wálẹ̀ ní ìparí ọ̀rọ̀ náà, ojú ni ó ń ṣiṣẹ́. Bí ohùn bá gòkè, ọwọ́ ni ó ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé mọ bí àmì kékeré bẹ́ẹ̀ ti ṣe pàtàkì tó, nítorí ó ti làágùn lórí rẹ̀ ní kíláàsì. Síbẹ̀, ní ilé ẹ̀kọ́ àgbà, kíkà nìkan ni wọ́n sábà máa ń kọ́ ènìyàn. Kíká, wọ́n fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé. Bí ọmọ bá fi abala kàyé ṣe ọkọ̀ ojú omi, wọ́n á bá a wí pé ó ń ba ìwé jẹ́. Bí àgbàlagbà bá ṣe é, wọ́n á ní kò níṣẹ́ lọ́wọ́.

Èrò yìí kò tọ́. Iṣẹ́ ọnà tí wọ́n ń fi ìwé ṣe jẹ́ ìmọ̀ gidi. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ńlá ń kọ́gbọ́n lára rẹ̀, àwọn oníṣẹ́ ọnà náà sì ń kọ́gbọ́n lára ẹ̀rọ. Ó yẹ kí ó ní àyè tirẹ̀ nínú gbogbo ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àgbà ní èdè abínibí, ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Àjàṣẹ́ àti níbi gbogbo tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá.

Ìdí àkọ́kọ́ wà nínú èdè fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà, ìwé, ni Yorùbá ń pe abala tí wọ́n kọ nǹkan sí, lẹ́tà tí wọ́n fi ránṣẹ́, àti èyí tí wọ́n tẹ̀ tí wọ́n sì dì pọ̀. Fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní kékeré, ìwé jẹ́ ohun tí ń ti bíróò wá. Ìwé owó orí ni, ìwé ìpè ilé ẹjọ́ ni, ìwé ọjọ́ ìbí ni. Wọ́n á fi ọ̀rá wé e, wọ́n á fi sí ìsàlẹ̀ àpótí, wọn kò ní fẹ́ kí ọwọ́ kàn án. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè mọ gbogbo lẹ́tà álífábẹ́ẹ̀tì tán kí ẹ̀rù ìwé má tíì kúrò ní ọkàn rẹ̀. Ẹni tí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ká ìwé, tí ó ti gé e, tí ó ti sọ ọ́ di ẹyẹ tàbí di àpótí, ti di olúwa ìwé. Kò tún ní máa gbọ̀n níwájú rẹ̀ mọ́.

Agbára ohun tí ó fúyẹ́

Ìdí kejì ni pé ìwé ń kọ́ ènìyàn ní ohun kan tí ojú kì í tètè rí: ohun fífúyẹ́ kì í ṣe ohun tí kò lágbára. Àwọn àgbà ti sọ pé bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ọ̀rọ̀ yìí bá ìwé mu.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà lórí ilé. Irin pẹlẹbẹ tí ó fẹ́lẹ́ kò lè bo ilé, nítorí yóò tẹ̀ ní àárín. Ṣùgbọ́n páànù tí wọ́n fi ilà gbọọrọ sí lára, tí ó ń lọ sókè tí ó ń bọ̀ nísàlẹ̀ bí ìgbì òkun, ń dúró lórí igi díẹ̀, ó sì ń gba òjò àti ìjì. Irin náà kò nípọn sí i. Ìrísí rẹ̀ ni ó yí padà.

Ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì lè dán an wò nínú ilé rẹ̀. Kí ó gbé abọ́ méjì kalẹ̀, kí àlàfo díẹ̀ wà láàrin wọn. Kí ó tẹ́ abala kàyé kan lé abọ́ méjèèjì lórí bí afárá, kí ó sì gbé ife ike kékeré kan sí àárín rẹ̀. Ìwé náà yóò tẹ̀, ife yóò ṣubú. Kí ó wá mú abala kan náà, kí ó ká a síwá, kí ó ká a sẹ́yìn, ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìlà páànù, kí àwọn ìlà náà sì gùn láti abọ́ kan dé èkejì. Bí ó bá tún gbé ife náà lé e, ife yóò dúró. Ìwé kò pọ̀ sí i, kò sì wúwo sí i.

Bí ó bá sì ya etí páálí kan tí wọ́n fi kó ọjà wá, yóò rí ọgbọ́n yìí kan náà nínú rẹ̀. Ìwé pẹlẹbẹ méjì ni, pẹ̀lú ìwé kan tí wọ́n ká bí ìgbì láàrin wọn. Nínú bàálù ńkọ́? Ọ̀pọ̀ pátákó tí wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ inú bàálù ni kò nípọn gbagidi. Inú wọn ní ihò ihò onígun mẹ́fà bí afárá oyin. Oríṣi ìwé líle kan tí iná kì í tètè jó ni wọ́n sábà fi ń ṣe afárá náà. Èyí ni pé àwọn èrò bàálù ń rìn lórí ìwé ní ojú sánmà, wọn kò sì mọ̀.

Àwọn ìyá tí ń ṣe ọ̀lẹ̀lẹ̀ kò ní fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe ìyanu. Wọ́n ń ká ewé kan ṣoṣo, wọ́n á ṣẹ́ ìdí rẹ̀ pò, wọ́n á da ẹ̀wà lílọ̀ tí ó ṣàn bí omi sínú rẹ̀, kò sì ní jò. Kò sí ìṣó níbẹ̀, kò sí àtè. Kíká nìkan ni. Kò sí ẹni tí ó pe ìyẹn ní eré ọmọdé, nítorí gbogbo ènìyàn ń jẹ ọ̀lẹ̀lẹ̀.

Ìwé tí gbogbo ahọ́n lè kà

Ilẹ̀ Ṣáínà ni ìwé ti bẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 105, òṣìṣẹ́ ààfin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Cai Lun fi ìwé tí ó fi èèpo igi àti àkísà ṣe han ọba. Nígbà tí ó yá, ìmọ̀ náà kọjá sí ilẹ̀ Japan, ibẹ̀ sì ni ìwé kíká ti di iṣẹ́ ọnà tí ayé mọ̀ sí origami. Ní ọdún 1797, wọ́n tẹ ìwé kan jáde ní ìlú Kyoto tí ó ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń ká ẹyẹ onírúurú.

Ẹni tí ó gbé iṣẹ́ náà ga jù lọ ní ayé òde òní ni Akira Yoshizawa, tí wọ́n bí ní ọdún 1911, tí ó sì kú ní ọdún 2005. Òṣìṣẹ́ ni ní ilé iṣẹ́ kan. Wọ́n ní kí ó máa kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ kékeré ní ìmọ̀ igun àti ìwọ̀n, ó sì rí i pé ìwé kíká ń jẹ́ kí ó yé wọn. Nígbà tí ó yá, ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ nítorí ìwé kíká. Ìṣẹ́ ṣẹ́ ẹ. Ó ń kiri oúnjẹ láti ilé dé ilé kí ó lè rí jẹ, ṣùgbọ́n kò dẹ́kun. Ní ọdún 1954, ìwé rẹ̀ jáde, ayé sì bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ ọ́n.

Ohun kan nínú iṣẹ́ Yoshizawa yẹ kí ó dun mọ́ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé. Ó ṣe ètò àwọn àmì tí wọ́n fi ń kọ kíká sílẹ̀. Ìlà tí wọ́n gé sí kékeré kékeré túmọ̀ sí pé kí wọ́n ṣẹ́ ìwé sí inú, kí ó dà bí àfonífojì. Ìlà tí tíńtín wà láàrin rẹ̀ túmọ̀ sí pé kí wọ́n ṣẹ́ ẹ sẹ́yìn, kí ó dà bí òkè. Ọfà ń tọ́ka sí ibi tí ìwé yóò lọ. Lónìí, ará Brazil, ará Jámánì àti ará Japan ń ka àwọn àmì wọ̀nyí láìgbọ́ èdè ara wọn. Ẹni tí ó kọ́ wọn ti kọ́ ọ̀nà ìkọ̀wé kejì. Olùkọ́ èwo ni yóò sọ pé ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ àgbà?

Láti orí tábìlì dé ojú òfuurufú

Ọkọ̀ tí wọ́n ń rán lọ sí ojú òfuurufú ní ìṣòro méjì. Bí ẹrù bá ti wúwo tó ni owó yóò ti pọ̀ tó. Àyè inú ọkọ̀ náà sì há. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ó bá débẹ̀ nílò pánẹ́ẹ̀lì tí ó fẹ̀ láti fi oòrùn ṣe iná. Báwo ni ohun tí ó fẹ̀ yóò ṣe wọ inú ohun tí ó há?

Koryo Miura, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Japan, fi ìwé dáhùn ìbéèrè náà. Ní nǹkan bí ọdún 1970, ó ṣe ìlànà kíká kan tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè. Ìlà rẹ̀ kò lọ tààrà bí ti aṣọ tí wọ́n ká sínú àpótí. Ó ń yà díẹ̀ sí ọ̀tún, ó ń yà díẹ̀ sí òsì. Nítorí ìyà díẹ̀ yẹn, bí ènìyàn bá di igun méjì tí ó kọjú sí ara wọn mú tí ó sì fà wọ́n, gbogbo abala náà yóò ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá tì wọ́n padà, gbogbo rẹ̀ yóò ká. Ní ọdún 1995, àwọn ará Japan fi kíká yìí dán pánẹ́ẹ̀lì oòrùn wò ní ojú òfuurufú, lórí ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Space Flyer Unit. Abala ìwé kan lórí tábìlì ni ìrìn àjò náà ti bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe ojú òfuurufú nìkan ni ìwé ti wúlò. Manu Prakash, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà tí ó ń kọ́ni ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, ń wá ẹ̀rọ tí dókítà abúlé lè lò níbi tí kò sí iná. Ní ọdún 2014, òun àti àwọn tí ó ń bá a ṣiṣẹ́ fi Foldscope han ayé. Awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá ni. Abala ìwé kan ni wọ́n gé tí wọ́n sì ká, pẹ̀lú dígí kékeré kan bí ìlẹ̀kẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò ju gíráàmù 8,8 lọ, owó ohun tí wọ́n fi ṣe é kò sì tó dọ́là 1 Amẹ́ríkà. Èyí tí ó lágbára jù nínú wọn lè sọ ohun kan di ńlá ní ìgbà 2 000.

Ní ọdún 2017, Prakash àti àwọn èèyàn rẹ̀ tún gbé òmíràn jáde, Paperfuge. Nínú ilé ìwòsàn, ẹ̀rọ oníná ni wọ́n fi ń yí ẹ̀jẹ̀ kíákíá kí omi inú rẹ̀ lè yà kúrò lára ẹ̀jẹ̀ pupa. Ti Prakash jẹ́ ìwé róbótó pẹ̀lú okùn, owó rẹ̀ kò ju sẹ́ńtì 20 lọ. Bí ènìyàn bá ń fa okùn náà tí ó ń dẹ̀ ẹ́, ìwé náà lè yí ní ìgbà 125 000 láàrin ìṣẹ́jú kan. Ó sì lè ran dókítà lọ́wọ́ láti wá kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀. Ibo ni wọ́n ti rí ọgbọ́n rẹ̀? Lára ohun ìṣeré ọmọdé. Àwọn ọmọ ilẹ̀ Yorùbá mọ irú rẹ̀ dáadáa: wọ́n á tẹ ìdérí ìgò pẹlẹbẹ, wọ́n á lu ihò méjì sí i, wọ́n á ti okùn bọ̀ ọ́, wọ́n á máa fà á kí ó máa kùn. Ohun tí àwọn òbí ń pè ní ariwo lásán, ẹlòmíràn wò ó, ó sì rí ilé ìwòsàn nínú rẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀rọ bá di ọnà

Bí ìwé ti ń kọ́ ẹ̀rọ lọ́gbọ́n, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ ń fún oníṣẹ́ ìwé ní èrò. Ní ọdún 2008, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Luca Iaconi-Stewart, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé ṣe bàálù Boeing 777. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó lò lórí rẹ̀. Ìwé tí ó lò kì í ṣe ìwé olówó iyebíye. Páálí fẹ́lẹ́ tí àwọn bíróò fi ń kó ìwé pamọ́ ni. Ohun tí ó gùn ní mítà 60 lára bàálù gidi gùn ní mítà 1 lára tirẹ̀. Ìlẹ̀kùn ń ṣí, ẹsẹ̀ bàálù ń ká wọlé, àga àwọn èrò sì wà nínú rẹ̀ ní ìlà ìlà. Ó gé ọ̀pọ̀ nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ dànù kí ó tó rí èyí tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí ará Kétu. Àwọn agbẹ́gilére tí ń gbẹ́ ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti fi bàálù àti alùpùpù sí orí ère kí òǹwòran lè rí ayé tí ó ń gbé nínú rẹ̀. Agbẹ́gilére mọ ìtumọ̀ fífúyẹ́ pẹ̀lú. Ó ń gbẹ́ inú ère náà dànù, kí ẹni tí ó gbé e sí orí lè jó. Ère tí ó wúwo jù kò ní jó, bí ó ti wù kí ó lẹ́wà tó. Ní Àjàṣẹ́ pẹ̀lú, Romuald Hazoumè, tí wọ́n bí níbẹ̀ ní ọdún 1962, fi kẹ́ẹ̀gì epo tí wọ́n ti jù nù ṣe ojú ènìyàn. Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum ní London ti ra iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí àwọn ènìyàn ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ lè di ohun tí wọ́n ń wọkọ̀ lọ wò.

Ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe

Àwọn kan yóò sọ pé ìwé tí wọn yóò fi kọ nǹkan kò tíì tó ní ilé ẹ̀kọ́ àgbà, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti èyí tí wọn yóò máa ká. Òótọ́ ni pé ìwé wọ́n. Ṣùgbọ́n ìwé kíká kò nílò ìwé tuntun. Kàyé tí ó ti kún wà, ìwé ìròyìn tí wọ́n ti kà tán wà, páálí wà lẹ́yìn ìsọ̀ gbogbo. Ìwé tí wọ́n kà tán kí wọ́n tó ká a ti ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé àgbàlagbà kò ní àkókò eré, pé ó wá kọ́ bí yóò ṣe ka nọ́ńbà fóònù àti bí yóò ṣe kọ orúkọ rẹ̀. Àtakò yìí lágbára, nítorí ìyá tí ó ti oko dé ní ìrọ̀lẹ́ kò ní wákàtí tí yóò fi ṣòfò. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí wọ́n ya ìwé kíká sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀kọ́ yòókù. Ẹni tí ó ká ìwé sí méjì, tí ó tún ká a sí mẹ́rin, tí ó tún ká a sí mẹ́jọ, ti rí ìdajì àti ìdámẹ́rin àti ìdámẹ́jọ pẹ̀lú ojú ara rẹ̀. Ẹni tí ó ń ka ìlànà bí wọ́n ṣe ń ṣe àpò, tí ó sì ń ṣe é bí ó ti ń kà á, yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ bóyá òun kà á dáadáa. Bí ó bá ṣì í kà, àpò náà kò ní dúró. Kò sí ìdánwò tí ó dára ju ìyẹn lọ.

Owó pẹ̀lú wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ṣe òfin tí ó ka ọ̀rá ìkó-ọjà tí kì í jẹrà léèwọ̀. Níbi tí ọ̀rá bá ti kúrò, nǹkan mìíràn gbọ́dọ̀ gba ipò rẹ̀. Àpò ìwé tí ìdí rẹ̀ fẹ̀, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ká sínú, tí etí rẹ̀ ní ìlọ́po méjì, lè gba ipò náà lọ́wọ́ aláṣọ àti olóògùn. Igi ìfàlà, àlùmọ́gàjí àti àtè tí wọ́n fi ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ rò ti tó láti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí oníṣẹ́ náà ṣọ́ra: àpò símẹ́ǹtì kò gbọdọ̀ gbé oúnjẹ, ìwé tí yíǹkì rẹ̀ ń ràn mọ́ ọwọ́ kò sì yẹ lára àkàrà gbígbóná. Ìwé kò sì fẹ́ràn òjò. Ẹni tí ó mọ ohun tí ìwé kò lè ṣe ni yóò fi í ṣe ohun tí ó lè ṣe.

Kò pọn dandan kí wọ́n dúró de àṣẹ láti òkè. Ìdajì wákàtí lọ́sẹ̀ tó. Kí olùkọ́ yan ohun kan: ní ọ̀sẹ̀ kìíní, abala tí ó gbé ife dúró; ní ọ̀sẹ̀ kejì, àpótí kékeré tí kò ní àtè; ní ọ̀sẹ̀ kẹta, àpò ọjà; ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, bàálù tàbí ẹyẹ, tàbí ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ bá rí ní ìgboro tí ó wù ú. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ orúkọ ohun náà àti bí ó ṣe ṣe é sí abẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, ní Yorùbá, pẹ̀lú àmì ohùn tí ó pé. Kí wọ́n sì fún àwọn ọmọ wọn láyè láti jókòó tì wọ́n. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèǹgbè. Níbi ìwé kíká, ọmọ lè kọ́ ìyá, ìyá sì lè ka ìlànà fún ọmọ.

Orílẹ̀-èdè tí ó ń kọ́ àgbà ní kíkà láìkọ́ wọn ní ohun tí wọn yóò fi ọwọ́ ṣe ti ṣe ìdajì iṣẹ́. Kíkà dára, kíká náà dára. Láàrin àwọn méjèèjì, àmì ohùn kan péré ni ó wà, kò sì yẹ kí ó di odi.